Dísíìkì Kan, Ojúlé Méjì

Inú ń bí mi sí Ṣàràfá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àánú nìkan ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi. Inú ń bí mi sí àwọn ẹbí rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tiwọn ń bọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni èmi àti Ṣàràfá jọ ń lò ní títì Ìkòsí, ní Ketu, láti ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ni mò ń tẹ ìwé, tí mò ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo sì ń fi ọ̀rá bo sátífíkéètì. Òun ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, bí oníbàárà bá sì bú u, òun náà ni yóò tún bẹ oníbàárà. Mo ti sọ fún un títí pé ìwà pẹ̀lẹ́ dára, àmọ́ kó má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn sọ òun di ẹni yẹpẹrẹ. Á ní, "Ẹ má worí wọn, Aunty."

Iṣẹ́ tó mọ̀ jù ni kó so kọ̀ǹpútà mọ́ dísíìkì tí kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ọ́fíìsì ní Mende àti Ògùdù máa ń ránṣẹ́ pè é nítorí ẹ̀. Àpótí dúdú kan wà tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ń ki àwọn dísíìkì sí. Wáyà á ti ara àpótí náà gba ara ògiri lọ bá kọ̀ǹpútà ní yàrá mìíràn. Ṣàràfá á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn, á fún un ní nọ́ńbà tí àpótí ń jẹ́, á fún un ní pásíwọ́ọ̀dù, á wá ní kó pe dísíìkì. Bí dísíìkì bá ti dá a lóhùn, ó máa yọ lójú kọ̀ǹpútà bíi pé inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é sí. "Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé yàrá ẹlòmíì ló wà o, Aunty," ló máa ń wí, á sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn nìkan ni mo máa ń rí eyín rẹ̀.

Karimot ni orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ bíbí ìdílé Ajélànwá ní Sangisa. Ìyàwó mẹ́ta ni baba tó bí Karimot fẹ́. Ìyáálé bí ọkùnrin mẹ́rin, àwọn ni wọ́n ń pè ní Ojúlé Òkè. Ìyàwó kejì bí ọkùnrin mẹ́ta, wọ́n di Ojúlé Ìsàlẹ̀. Ìyàwó kẹta, Hàlímátù, Karimot nìkan ló bí, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Nílẹ̀ wa níbí, iye ìyàwó tó bá bímọ ni iye ìdí-igi, ìbáà ṣe ọmọ obìnrin, ìbáà ṣe ọkùnrin. Gbogbo àgbààgbà Ajélànwá ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín nǹkan, ojúlé méjì ni wọ́n ń kà. Karimot á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á wá bu tirẹ̀ fún un nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti dìde.

Lẹ́yìn ilé ńlá wọn, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń sin òkú ẹbí sí látijọ́. Òkú mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Wọn ò fi símẹ́ńtì ṣe sàréè kankan, igi ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n, katapílà sì ti hú àwọn igi náà nígbà ìjà ilẹ̀ ọjọ́sí. Kànga kan ló kù, tí wọ́n ti da kọnkéré bò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí Karimot wà lọ́mọdé, òun ni wọ́n máa ń ní kó gbá ibẹ̀ láràárọ̀, òun nìkan ló sì wà láyé tó mọ ibi tí ẹnìkọ̀ọ̀kan sùn sí. Láti ẹnu kànga ló ti máa ń kà á: kọjú síbi báyìí, rin ìṣísẹ̀ báyìí, yà báyìí, lágbájá ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, Ṣàràfá gbé e wá sí ilé tirẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀bá Owódé Onírin, níbi tí omi ti ń wọlé bá wọn lọ́dọọdún. Níbẹ̀ ló ti ń jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní omi ti kó ìwé òun lọ lẹ́ẹ̀mejì, òun ò tún gbẹ́kẹ̀ lé ìwé mọ́ láyé. Fáìlì mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀, òkú kan fáìlì kan, wákàtí mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì yẹn ló ti ń tún un ṣe. Ó gé ikọ́ ìyá náà kúrò, ó yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ó fún gbogbo wọn ní nọ́ńbà. Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ibi tí inú ti ń bí mi sí i gan-an nìyẹn, ẹ ó rí i.

Karimot kú. Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà, Ṣàràfá tan ọ̀kan nínú àwọn fáìlì náà fún ẹbí gbọ́. Alhaji Jímọ́ọ̀, àgbà Ojúlé Òkè, tí í ṣe olórí ẹbí, nu ojú rẹ̀ nù, ó ní, "Ọmọ wa ni Ṣàràfá yìí o." Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ Karimot ni wọ́n máa ń pè é tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àwọn kan tó ń kọ́ ilé fún títà wá béèrè ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé náà. Ẹbí ṣe ìpàdé, wọ́n fẹnu kò: wọn ó ta á, ṣùgbọ́n wọn ó kọ́kọ́ fi ohùn Karimot wọn ibi tí àwọn òkú wà, wọn ó sì fi ògiri yí i ká. Èyí tí wọ́n bá mọ ojú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kan án. Èyí tí wọn ò bá mọ̀, wọ́n ní ilẹ̀ òfìfo ni. Láti ọjọ́ náà, ohùn ìyá Ṣàràfá kì í ṣe ti Ṣàràfá mọ́. Ó ti di ohun ìní ìdílé, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ìdílé máa ń fi ohun ìní ṣe.

Ọ̀sán Sunday kan ni wọ́n jókòó lórí ibi tí wọn yóò tọ́jú ohùn náà sí. Èmi ni wọ́n ní kí n wá tẹ mínítì, torí pé mi ò bá ojúlé kankan tan. Wọ́n ti ra àpótí dísíìkì. Wọ́n ti gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín, wọ́n fi irin yí i ká, àgádágodo méjì ló sì wà lẹ́nu irin náà, ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà tuntun kan wà ní yàrá Òkè lápá ọ̀tún, òmíràn wà ní yàrá Ìsàlẹ̀ lápá òsì. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kọ̀ǹpútà ojúlé kẹta dà.

"Ọmọ wa," Alhaji Jímọ́ọ̀ ní, "wáá sọ bá a ṣe máa ṣe é tí ò ní dìjà."

Ṣàràfá dìde dúró. "Ọ̀nà méjì ló wà, sà. Àkọ́kọ́, ká jẹ́ kí àpótí fúnra ẹ̀ máa tọ́jú àwọn fáìlì, kí kọ̀ǹpútà méjèèjì máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn ò ní wàhálà. Bí èèyàn ogún bá ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí nǹkan tó máa ṣe é."

Daddy Charles ló dá a lóhùn. Òun ni àgbà Ojúlé Ìsàlẹ̀, ó ṣiṣẹ́ báǹkì títí ó fi fẹ̀yìn tì, Mende ló ń gbé. "Ta ló máa jẹ́ admin àpótí ọ̀hún?"

"Èmi ni, sà, títí ẹ máa fi yan ẹlòmíì."

Láti ìgbà tí a ti jókòó ni Alhaji àti Daddy Charles ò ti wo ojú ara wọn. Wọ́n wo ara wọn wàyí.

"Kì í ṣe pé a ò fẹ́ràn ẹ o," Alhaji rọra sọ, "ṣùgbọ́n ọmọ tí obìnrin bí kọ́ ló máa máa ṣílẹ̀kùn baba wa fún wa."

Ṣàràfá ò bínú. Ó máa ń wù mí kó bínú. "Ìkejì, sà, ni kí n so dísíìkì mọ́ kọ̀ǹpútà bíi pé ti kọ̀ǹpútà yẹn ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ní in. Ìkejì á máa gba ọ̀dọ̀ tàkọ́kọ́ wò ó."

"Kọ̀ǹpútà ta ni àkọ́kọ́?" Daddy Charles bi í.

Ariwo sọ. Ogún ìṣẹ́jú ni mi ò fi rí nǹkan tẹ̀ sínú mínítì. Nígbà tó rọlẹ̀, Daddy Charles na ìka sí àjà. "Ní ọ́fíìsì wa nígbà yẹn, mo rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Drive D ló ń jẹ́ lórí tèmi. So ó mọ́ tiwa, so ó mọ́ tiwọn, ọgbọọgba, finish. Mi ò lè máa gba yàrá ẹnì kan kọjá kí n tó rí baba mi."

"Daddy, ó máa bàjẹ́," Ṣàràfá ní. "Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi ibi tó kó ẹrù sí sórí ara ẹ̀. Bí èèyàn méjì bá ń to ẹrù sínú yàrá kan, tí ọ̀kan ò mọ̀ pé ìkejì wà níbẹ̀, wọ́n á máa gbé ẹrù lé ara wọn lórí títí wọ́n á fi fọ́ ọ."

"Dísíìkì mélòó ló wà nínú àpótí?" Alhaji béèrè.

"Méjì ni, sà."

"Ó parí nìyẹn. Ojúlé méjì, dísíìkì méjì."

"Nǹkan kan náà ló wà lórí méjèèjì, Alhaji. Ohun tá a bá kọ sórí ọ̀kan ni ìkejì náà ń kọ, torí kí ọ̀kan má baà kú. Tá a bá kọ ìkọkúkọ, àwọn méjèèjì ló máa kọ ọ́."

Ẹnì kan ní kí wọ́n kúkú ṣe ẹ̀dà méjì, kí oníkálukú mú tirẹ̀. Daddy Charles ní ká má rí i: ẹ̀dà méjì á di ẹ̀rí méjì, àwọn kan á gé ohùn Karimot, wọ́n á fi tiwọn sí i. Alhaji ní òótọ́ ni, kí wọ́n kúkú so dísíìkì kan náà mọ́ kọ̀ǹpútà méjèèjì bí Daddy Charles ṣe wí. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ṣe délẹ̀ báyìí ni gbogbo ojú yí sí Ṣàràfá. Wọ́n ní ṣé kò sí ẹ̀dà lọ́wọ́ òun náà.

Ó wà. Kò sí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí kì í ní ẹ̀dà. Ó gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó gbé láptọ́ọ̀pù jáde, ó yọ fláàṣì lápò. Mo rí ohun tó ń bọ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó rọra fa ẹsẹ̀ tirẹ̀ kúrò. Ó kọ́kọ́ kó ohùn náà sórí dísíìkì ìdílé, ó tan án, gbogbo wọn gbọ́ ọ pé ó pé. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń pa àwọn ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, àwọn àgbàlagbà na ọrùn bí ẹni ń wo ìbò kíkà. Wọ́n gbé Kùránì wá. Ó búra pé ohùn ìyá òun kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo tẹ̀ ẹ́ sínú mínítì, mi ò la ẹnu mi.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà sí Ketu ni mo tó bi í. "Ṣàràfá, kí ló dé tó o fi gbà?"

"Aunty, ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ní ọmọ wa."

Mo pòṣé, mo kọjú sí títì.

Bí ó ṣe so dísíìkì kan mọ́ kọ̀ǹpútà méjì nìyẹn, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Ó gbìyànjú láti fi òfin dí i. Monday sí Wednesday jẹ́ ti Òkè, Thursday sí Saturday jẹ́ ti Ìsàlẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá parí gbọ́dọ̀ ní kí kọ̀ǹpútà jọ̀wọ́ dísíìkì kí ó tó jáde. Ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, mo fi ọ̀rá bò ó, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà méjèèjì. Ládé, ọmọ Alhaji, ló ń bójú tó ti Òkè. Motúnráyọ̀, ọmọ Daddy Charles, ló ń wá láti Mende bójú tó ti Ìsàlẹ̀. Àgbàlagbà ni àwọn méjèèjì, wọ́n kàwé, wọ́n lè ka òfin ojú ìwé méjì.

Kò sẹ́ni tó jọ̀wọ́ nǹkan kan. Ládé rò pé bí òun bá jọ̀wọ́ rẹ̀, Ìsàlẹ̀ á mú un lọ pátápátá. Motúnráyọ̀ rò bẹ́ẹ̀ nípa Òkè. Ni àwọn méjèèjì bá di dísíìkì náà mú tọ̀sán-tòru. Ládé ń kó ìwé sọ́fè ilẹ̀ sórí rẹ̀, Motúnráyọ̀ ń kó fọ́tò àwọn òkú-ọ̀run sórí rẹ̀, ẹnìkankan ò sì rí ẹrù ẹnì kejì. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, bí ago méjìlá ọ̀sán, fóònù Ṣàràfá dún ní ṣọ́ọ̀bù. Ládé ni. "Bọ̀dá Ṣàràfá, Motúnráyọ̀ ti pa àwọn fáìlì wa rẹ́ o." Kò tíì sọ ọ́ tán tí Motúnráyọ̀ fi ń pè. "Uncle, ẹ wá wo nǹkan tí Ládé ṣe."

Ojú Ṣàràfá yí padà. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn méjèèjì fún un lésì kan náà, pé kọ̀ǹpútà ti rí i pé dísíìkì lárùn, ó béèrè bóyá kí òun tún un ṣe, àwọn sì ti ní kó máa ṣe é. Ó ń ṣe é lọ lọ́wọ́.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, a sáré wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí a dé Sangisa, iná ara àpótí ń ṣẹ́jú wìrìwìrì láàárín irin. Kọ̀ǹpútà méjì ni wọ́n jọ ń tún yàrá kan tò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbọn ohun tí ìkejì tò dànù. Ṣàràfá ní kí wọ́n ṣí irin kí òun yọ wáyà. Kọ́kọ́rọ́ Òkè wà nílé, ti Ìsàlẹ̀ wà lọ́wọ́ Daddy Charles ní Mende. Ó bọ́ sí yàrá Òkè, ó ní, "Ládé, jọ̀ọ́, pa á." Ládé ní kí Motúnráyọ̀ kọ́kọ́ pa tiwọn. Ó kọjá sí yàrá Ìsàlẹ̀. Motúnráyọ̀ ní, "Uncle, no vex, kí tiwọn kọ́kọ́ dúró." Ó padà sí Òkè, ó padà sí Ìsàlẹ̀. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wo ọkùnrin àádọ́ta ọdún tó ń sáré láàárín yàrá méjì, tó ń bẹ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí wáyà tó gba orí àjà kọjá, Ládé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bọ̀dá, ẹ gé tiwọn ná."

Bí wọ́n ṣe wà lórí ìyẹn ni kọ̀ǹpútà yàrá Òkè kọ ọ́ pé àtúnṣe ti parí. Ti Ìsàlẹ̀ náà kọ bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ sí i. Ládé àti Motúnráyọ̀ jọ tẹ̀ ẹ́ láti wọlé. Ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà méjèèjì sọ: pé kò sí nǹkan kan lórí dísíìkì yìí, ṣé kí òun ṣe é ní tuntun? Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, wọ́n pe ìpàdé. Òkè ní Ìsàlẹ̀ ló bà á jẹ́, Ìsàlẹ̀ ní Òkè ni. Nígbà tó sú wọn, wọ́n fẹnu kò lórí ẹni kan tí kì í ṣe Òkè, tí kì í ṣe Ìsàlẹ̀.

"Ìwọ lo so ó," Daddy Charles sọ fún Ṣàràfá. "O mọ̀ pé ó máa bàjẹ́, o sì so ó. Ṣé torí pé elders ní kó o ṣe é lo ṣe ṣe é?"

Mo rò pé ilẹ̀ á lanu. Ṣàràfá dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú. Ó ní ohùn ti lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, òun ni ìyá òun sọ ọ́ fún, òun lè rìn ín fún wọn.

"O búra pé kò sí lọ́wọ́ ẹ mọ́," Alhaji ní.

"Kò sí lọ́wọ́ mi, sà. Orí mi ló wà."

Alhaji ní, "Wáá rìn ín ká rí i." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Gbogbo wa tò tẹ̀lé e lọ sẹ́yìnkùlé nínú oòrùn. Ọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó mú ọ̀dà funfun dání tí wọn ó fi sàmì sí ilẹ̀.

Ṣàràfá dúró lórí kọnkéré tó bo ẹnu kànga. Ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó ka ìṣísẹ̀ méjìlá, ó ní baba àgbà nìyí. Wọ́n mi orí, àwọn kan ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà sàmì síbẹ̀. Ó padà sí kànga, ó rìn lọ sápá òsì, ó rí ìyáálé. Ẹ̀kẹta, ó lọ, ó dúró, ó tún ìṣísẹ̀ méjì rìn sí i, ó ní ibẹ̀ ni. Mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiyèméjì. Ẹ̀kẹrin, ó ka méje, ó padà, ó ka mẹ́sàn-án. Ọkùnrin ọlọ́dà ní, "Ọ̀gá, èwo ni ká mú?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ náà lọ́tun.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," Daddy Charles ní. "Hàlímátù ńkọ́? Ìyá ìyá ẹ. Fi tiẹ̀ hàn wá."

Ṣàràfá padà sórí kànga. Ó kọjú sí ọ̀nà ilé, ó tún kọjú sí ògiri ẹ̀sìtéètì Magodo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tó ti gbé e. Òógùn ń sàn lójú rẹ̀.

"Ìṣísẹ̀ mélòó ni?" Alhaji bi í.

"Fáìlì kọkànlá ni, sà."

"Ìṣísẹ̀ mélòó ni mo bi ọ́."

"Fáìlì kọkànlá. Ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta ló gùn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ládé ni tàbí Motúnráyọ̀ ni, mi ò mọ̀, mi ò wẹ̀yìn. Inú bí mi sí Ṣàràfá débi pé ojú mi ṣókùnkùn. Wákàtí mẹ́sàn-án ló fi jókòó ti ìyá rẹ̀. Ó fi oṣù mélòó kan gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lágbọ̀ọ́túngbọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo rí i. Ikọ́ ló ń gbọ́, tí yóò gé. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbọ́, tí yóò yọ. Ibi tí obìnrin yẹn ti ń sọ ilé ìyá tirẹ̀ fún un, ó rò pé ó ti wà nípamọ́, kò fi nǹkan kan sórí.

Àwọn tí kò lè jọ lo dísíìkì kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò gbà wọ́n ní wákàtí kan láti jọ ta ilẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo tẹ̀. Alhaji Jímọ́ọ̀ fọwọ́ sí i, Daddy Charles fọwọ́ sí i. Wọ́n yí ìkíní àti ìkejì ká, àwọn méjìlá tó kù wọ abẹ́ ilẹ̀ òfìfo. Kí òjò tó dá lọ́dún náà, wọ́n ti gbẹ́ fandéṣọ̀n síbẹ̀. Mi ò bi Ṣàràfá bóyá katapílà hú nǹkan jáde, òun náà ò lọ wò ó.

Wọ́n ní kó máa gbé àwọn dísíìkì náà lọ, pé kò wúlò fún wọn mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó ní kó búra. Ó kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń fi onírúurú ètò kọ̀ǹpútà wá ohùn náà nínú wọn bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó pa iṣẹ́ ọ́fíìsì Mende tì. Mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Oṣù méjì kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Friday kan, ó pè mí sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó ní òun rí nǹkan. Nínú wákàtí mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá ni. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Karimot ni, kedere, bí ẹni tó jókòó tì wá. Ó ní, "Ṣàràfá, ṣé o ń fọkàn bá mi lọ ṣá?"

Ohùn Ṣàràfá náà wà níbẹ̀, ó jìnnà díẹ̀, bí ohùn ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbòmíràn. "Ẹ máa sọ ọ́, Mọ́mì. Ó ń wọlé."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Ó tún un tẹ̀.